Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Béèrè Ìwà Mùtàlíbù

Ọmọ mi Fákẹ́mi bímọ ní Àbíjàn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tó ti wà nílé ọkọ, kò sì sí ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ dáadáa tí yóò bá a wẹ ọmọ náà. Ohun tó gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ yẹn, kí ni ì bá mú èmi Àmọ̀kẹ́ oníirú lọ jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú níwájú ohun tó jọ tẹlifíṣọ̀n tí kò ní eré kankan nínú?

Ọdún 1999 ni, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Àbíjàn ló mú ìròyìn wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ìyá Fákẹ́mi, ọmọ yín ti sọ̀ o. Obìnrin ló bí. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ kí ọmọ tó pé ogójì ọjọ́, pé obìnrin tó ń bá òun wẹ̀ ẹ́ ń ṣe é bí ẹni ń fọ ìkòkò."

Mo ní, "Ọjọ́ mélòó ni ọmọ náà lónìí?"

"Á ti tó mẹ́rìnlélógún."

"Ìgbà wo lẹ ń padà?"

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó. Bí n kò bá bá ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọ, ogójì ọjọ́ á ti kọjá kí n tó débẹ̀. Ọmọ tí wọn kò nà lápá, tí wọn kò fi òrí pa, tí wọn kò jù sókè kí wọ́n hán an, á ti gan bí igi ìdáná. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọmọ kan ṣoṣo tí òun náà bí.

Ẹni tó bá ń ti Èjìgbò lọ Àbíjàn nígbà náà gbọ́dọ̀ gba ìwé kan ní gbọ̀ngàn ìlú, ìwé tó ń sọ pé ọmọ agboolé báyìí ni, ọmọ lágbájá ni. Ìwé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà lọ́hùn-ún máa ń wò kí wọ́n tó bá èèyàn gba káàtì séjúù, ìyẹn ìwé ìgbélùú ti ìjọba ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, inú ìwé ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́yìn ni orúkọ gbogbo wa wà. Akọ̀wé á ṣí i, á fi ìka tọ orúkọ rẹ, á kọ ìwé, á lu òǹtẹ̀, o ti ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn ará Àbíjàn kó gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà, agboolé lẹ́yìn agboolé, ti Èjìgbò, ti àwọn ìlú ìtòsí bí Ola àti Ara, kò ku ẹnì kan. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sílé, pẹ̀lú díìsì pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Inú díìsì yẹn ni fáìlì wà, inú fáìlì ni gbogbo wa wà. Lẹ́tà tó bá a wá ní ìwé èyíkéyìí tí kò bá ti inú ẹ̀rọ náà jáde, àwọn kò ní gbà á mọ́. Akọ̀wé ka lẹ́tà tán, ó gbé ìwé ńlá wọnú àpótí, ó fi àgádágodo tì í.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti jókòó lórí ẹrù wọn. Fábíyìí, birikilà tó ń gbé nítòsí mi, wà lára wọn. Ó ti fi báàgì rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí.

Mo ní, "Fábíyìí, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ìyá, ọjọ́ kẹrìndínlógún mi nìyí. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìlú, ìlú kò tíì dáhùn."

Akọ̀wé Dúrójaiyé ni alága ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kóòtù náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Alájì Mùíbì tó ń ra kòkó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò ni Sàfúrátù, ìyàwó ilé kan tó kọ́ ọ ní Ìbàdàn. Òun ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan oúnjẹ.

Akọ̀wé ní, "Ìyá Fákẹ́mi ti dé. Sàfúrátù, ṣe é kí wọ́n rí i."

Sàfúrátù ti díìsì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó tẹ nǹkan. Ẹ̀rọ náà dún, tíìn! Àpótí kékeré kan yọ sójú rẹ̀. Bó ṣe dún, Akọ̀wé dìde dúró bí ìgbà tí adájọ́ bá wọlé. Gbogbo wa náà dìde.

"Ka ohun tó sọ."

Sàfúrátù mí kanlẹ̀. "Bàbá, mo ti kà á fún yín nígbà ogún."

"Kà á. Ẹni tuntun wà níbí."

"Ó ní fáìlì tí ẹ fẹ́ ṣí yìí lè ní àrùn nínú. Ó ní ó lè ṣe ẹ̀rọ yín ní jàǹbá. Ó ní kí ẹ rí i dájú pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é fọkàn tán ló ti wá. Ó wá ní, ṣé kí òun ṣí i? Bẹ́ẹ̀ni nìyí. Rárá nìyí."

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó béèrè àrùn, ó béèrè orísun, ó béèrè ìwà. Ẹ̀rọ yìí ń ṣe ìwádìí."

Alájì Mùíbì ní, "Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni Sàfúrátù wí, "gbogbo fáìlì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Kì í ṣe pé ó rí nǹkan kan. Èèyàn kàn máa ń tẹ Bẹ́ẹ̀ni ni."

"Ta ló máa ń tẹ̀ ẹ́?"

"Gbogbo ayé, Bàbá."

"Gbogbo ayé náà ló ń gbé ìyàwó láìbéèrè ibi tó ti wá. Ṣé o rí bí ayé ṣe rí báyìí?"

Alájì tún ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn. "Sàfúrátù, ṣebí ọwọ́ ẹni tó ṣe fáìlì yìí ni ẹ̀rọ yìí wà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni, Alájì."

"Odidi ọdún kan, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí láàárọ̀ lálẹ́. Kò wá mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ ẹnikẹ́ni, Alájì."

"Alájọgbé tí kò lè jẹ́rìí ẹni!" Alájì mi orí. "Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀."

Nígbà tí mo gbọ́ ìwádìí, inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ìlú wa, bí ọmọkùnrin bá ní òun fẹ́ ọmọbìnrin, ẹbí ọmọbìnrin á rán ẹnì kan lọ yẹ ilé ọkọ wò ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣé àrùn wà níbẹ̀? Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Ṣé ọwọ́ wọn mọ́? Ṣé ọmọ náà ṣe é fọkàn tán? Ohun tí ẹni yẹn bá mú bọ̀ ni wọ́n á fi ṣe é tàbí kí wọ́n jáwọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún ilé ọkọ pé lágbájá ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń rán, ẹbí ọkọ náà a sì máa rán mi lọ wo ilé ìyàwó. Oníirú ni mí, ẹ̀yìnkùlé sì ni oníirú máa ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sunkún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da oògùn aláìsàn nù. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi ṣe é. Ìgbéyàwó mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ọ̀sẹ̀ méjì ó lé lẹ fi jókòó, ẹ kò rán èmi? Ta ló ṣe fáìlì náà? Ẹ dárúkọ ilé rẹ̀. Kí n wí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí n lọ di ẹrù mi."

Akọ̀wé wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó yọ ìwé kékeré kan tó ti pọ́n jáde.

"Ìyá, a ti rán yín."

"Ìgbà wo?"

"Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1974. Èmi ni mo bá Fábọ̀sẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà." Ó gbé dígí sójú, ó kà á sókè. "Àmọ̀kẹ́ oníirú, tí a rán lọ sí ilé Mùtàlíbù ọmọ Fàsílátù nítorí ọmọbìnrin Fábọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ gbé níyàwó, ti padà dé. Ó ní ilé náà mọ́. Ó ní àrùn kò sí, wèrè kò sí, olè kò sí. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọkùnrin náà kò ṣe é fọkàn tán."

Ó pa ìwé dé. "Mùtàlíbù ọmọ Fàsílátù ló ṣe fáìlì yìí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn díìsì. A wá gbogbo ìlú, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ lórí ìwà rẹ̀ ni tiyín. Gbólóhùn tí ẹ sọ náà gan-an ni ẹ̀rọ ń béèrè, kò fi ẹyọ kan yẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín kò sì yẹ̀ rí, Ìyá. Sàfúrátù, tẹ Rárá."

Sàfúrátù tẹ Rárá. Àpótí kékeré náà pòórá, àti èmi àti ọmọ-ọmọ mi nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló ti kọjá. Ìwà lè yí padà."

"Ó lè yí padà lóòótọ́. Ṣé ẹ lè lọ ṣe ìwádìí tuntun?"

"Mo lè lọ. Ibo ló wà?"

"Àbíjàn."

"Ẹ fún mi ní ìwé kí n máa lọ."

"Ìwé yín wà nínú fáìlì, Ìyá."

Fábíyìí rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú kúrò lórí báàgì rẹ̀.

Mo padà sílé. Mo jókòó ti agbada irú, n kò rú u. Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún 1974 ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Irọ́ ni mo pa. Mùtàlíbù ṣe é fọkàn tán. Nígbà tí mo lọ ṣe ìwádìí nílé wọn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi abọ́ mi sílẹ̀ sẹ́yìnkùlé wọn pẹ̀lú irú nínú rẹ̀, ọmọ náà sì sáré tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ẹ gbàgbé nǹkan." Ẹyọ kan kò dín. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ Fàsílátù náà ń ta irú, ó sì ti sọ lójú ọjà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an pé irú Àmọ̀kẹ́ ń rùn bí ẹsẹ̀ ẹni tó fi bàtà rọ́bà rìn láti Ìlọrin wá. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà létí mi nígbà tí mo jókòó síwájú Fábọ̀sẹ̀. Mo fi gbólóhùn kan gba ẹ̀san mi. Wọn kò fún un ní ọmọ náà. Kò pẹ́, Mùtàlíbù gba Àbíjàn lọ, kò sì padà wá gbé ilé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba iwájú ilé Fàsílátù kọjá. Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni mo máa ń gbà, ó sì jìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún lọ sí gbọ̀ngàn, mo ń wá ọ̀nà mìíràn. Kò sí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń dún ni wọ́n ń dìde, bí wọ́n ṣe ń dìde ni Akọ̀wé ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí mi létí.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, tó ku ọjọ́ kan, mo wọ gbọ̀ngàn, n kò jókòó. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ kọ èyí sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa ní ọdún 1974. Ọmọ Fàsílátù ṣe é fọkàn tán. Ìbínú ọjà ló mú mi sọ ohun tí mo sọ. Ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ni."

Fábíyìí ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ dúró ná, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìwádìí ilé ìyàwó mi! Ẹ ní onísùúrù ni wọ́n!"

"Onísùúrù ni wọ́n."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe irọ́ ọjà?"

"Fábíyìí, ìyàwó rẹ ti gbé pẹ̀lú rẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kí ni ìwọ pè é?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí obìnrin kan ń ka ìka rẹ̀, tó ń wò mí. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọn yóò ti máa wo ọkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé kọ̀wé tán. Ó bọ́ dígí, ó nù ún, ó tún fi sójú. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì lè pa á mọ́ra. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní kóòtù, irú ẹjọ́ báyìí kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

"Ìyá, ẹ jókòó. Bí ẹ bá purọ́ ní ọdún 1974, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni ẹlẹ́rìí wa, kóòtù kò sì lè gba ohun tí òpùrọ́ sọ lónìí. Bí ẹ kò bá sì purọ́ ní ọdún 1974, a jẹ́ pé ọmọ náà kò ṣe é fọkàn tán. Ọ̀nà méjèèjì, Rárá ni."

"Akọ̀wé, ẹ wo ojú mi. Ọmọ-ọmọ mi ń bẹ lọ́hùn-ún, wọ́n ń fọ̀ ọ́ bí ìkòkò!"

"Mo rí i, Ìyá. Ó dùn mí. Rárá ni."

Sàfúrátù fi orí lé tábìlì. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ kọjú sógiri. N óò ní ọwọ́ mi ló yẹ̀."

Akọ̀wé ní, "Ìwọ náà fẹ́ di òpùrọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Alájì Mùíbì ló gbà mí. Ó ní, "Dúrójaiyé, bí ẹlẹ́rìí bá bàjẹ́, ṣé a kò lè wá ẹni tí yóò jẹ́rìí ẹlẹ́rìí?"

Akọ̀wé rò ó. "Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ilé wọn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí irọ́ náà pa lára."

Gbogbo wọn wò mí. Mo ká gèlè mi mọ́ra, mo jáde. Lọ́jọ́ yẹn n kò gba ẹ̀yìn mọ́sálásí.

Fàsílátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì wà níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Mùtàlíbù. Èmi Àmọ̀kẹ́."

"Àmọ̀kẹ́ wo? Èyí tí irú rẹ̀ ń rùn?"

Mo gbé e mì. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ọjà dé orí Fábọ̀sẹ̀, dé orí abọ́ tí ọmọ rẹ̀ sáré gbé tẹ̀ lé mi. Kò dá iṣẹ́ dúró. Èèpo ẹ̀gúsí ń já bọ́ sí mi lórí ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Èèyàn tó ń gba iwájú ilé mi lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo mọ́sálásí po pẹ̀lú ẹrù lórí. Kí ni mo tún fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí ẹ kò fi bá mi jà?"

"Mo ń retí rẹ. Mo ní o ń bọ̀ láàárọ̀, mo ní o ń bọ̀ lálẹ́, ó di ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni yóò lé ẹ wá." Ó ju ẹ̀gúsí kan sínú abọ́. "Mùtàlíbù tilẹ̀ sunkún nínú yàrá yìí. Ó ní kí ni òun ṣe. N kò dárúkọ rẹ fún un."

N kò lè gbójú sókè.

Ó tún bó ẹyọ kan, ó ní, "N óò bá ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o máa ṣe fún mi. Bí a bá débẹ̀, kí o dìde níwájú gbogbo wọn, kí o sọ pé irú mi dára ju tìrẹ lọ."

Mo gbójú sókè nígbà náà.

Ẹ mọ ohun tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọkọ̀ ń lọ lọ́la. Gbólóhùn kan péré ni. Mo ní, "Ìyá Mùtàlíbù, ẹ ní kí n sọ ohun mìíràn. N óò fọ aṣọ yín. N óò bó ẹ̀gúsí yìí tán. Ṣùgbọ́n irú mi dára ju tiyín lọ. Irọ́ kan ló gbé mi dé orí ìkúnlẹ̀ yìí, n kò lè pa èkejì."

"Ọmọ-ọmọ rẹ ń kọ́?"

Omi bọ́ lójú mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn."

Fàsílátù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Fà mí dìde, oníirú tó ń rùn."

Bí a ṣe wọ gbọ̀ngàn, gbogbo wọn dìde láìjẹ́ pé ẹ̀rọ dún. Sàfúrátù fún un ní àga tirẹ̀. Fàsílátù kò jókòó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Dúrójaiyé, wọ́n ní o ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí Àmọ̀kẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó purọ́ mọ́ ọmọ mi, ó sì dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Kọ ìyẹn sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó pa irọ́ kékeré kan fún mi kí ọ̀nà Àbíjàn lè là fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó sì kọ̀. Bó bá ṣe pé irọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ì bá ti pa á. Ẹ gba ohun tó bá sọ."

Akọ̀wé ní, "Irọ́ wo ni ẹ ní kí wọ́n pa?"

"Ìyẹn kò kan kóòtù."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé ìdájọ́ kalẹ̀. "Àmọ̀kẹ́ oníirú, ṣé Mùtàlíbù ọmọ Fàsílátù ṣe é fọkàn tán?"

"Ó ṣe é fọkàn tán."

"Ṣé àrùn wà nílé wọn?"

"Kò sí."

"Sàfúrátù, dá ẹ̀rọ lóhùn."

Sàfúrátù tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Fábíyìí fi báàgì rẹ̀ bo orí. Ẹ̀rọ náà kùn, ó kùn, lẹ́yìn náà orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sójú rẹ̀ bí ọkà bàbà tó ń ya látinú àpò. Kò sí àrùn kankan.

"Ilé wo nìyí? Ẹ jẹ́ kí n wá yín," ni Sàfúrátù wí, ó tẹ orúkọ mi sí i. Ó fi ojú sún mọ́ ẹ̀rọ. "Ìyá, orúkọ yín pọ̀ níbí o."

"Báwo?"

"Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé kọ̀ọ̀kan tó kọ síbẹ̀ pé: ẹni tó wà nílé tí a lè bi léèrè ọ̀rọ̀ wọn. Níwájú agboolé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Àmọ̀kẹ́ oníirú ló kọ síbẹ̀." Ó fi ìka tọ ìlà kan. "Mùtàlíbù kọ ọ́ síwájú ilé tiwọn náà."

Fàsílátù ní kí Sàfúrátù tún un kà, Sàfúrátù tún un kà. Ọmọ náà kò mọ̀ rárá. Láti ọdún 1974, kò sí ẹni tó sọ fún un pé èmi ni.

Níwájú agboolé tèmi, ibẹ̀ ṣófo. Akọ̀wé ní ìwé kò lè jáde bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ta ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí n tó dáhùn, Fàsílátù ní, "Kọ Fàsílátù." Wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé há, ó pariwo, ó pọ ìwé mi jáde. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ ti Fábíyìí, wọ́n tẹ ti àwọn mẹ́jọ tó kù.

Sàfúrátù wá fẹ́ pa fáìlì dé. Tíìn!

Gbogbo wọn dìde.

"Kí ló tún sọ?"

Sàfúrátù di ojú. "Ó ní a ti yí nǹkan padà nínú fáìlì yìí. Ó ní ṣé kí òun tọ́jú ohun tí a yí padà?"

"Ohun tí a yí padà," ni Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fábíyìí tó ru báàgì ló kọ́kọ́ kọjá lára mi.

Lọ́jọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó ṣí, Fàsílátù rán ẹnì kan wá fún mi ní agolo irú kan tó fi ọ̀rá dì, ó ní kí n gbé e fún ọmọ òun. Orí itan ni mo gbé e lé títí dé Àbíjàn, torí awakọ̀ ní kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ àga.

Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún ti ní ewú lórí. Ó gba ìwé mi, ó kà á. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ta ni Fàsílátù tó jẹ́rìí agboolé yín yìí?"

Mo ní, "Ìyá rẹ ni, Mùtàlíbù. Jókòó kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."

Mo sọ ọ́, n kò yọ ibì kankan kúrò. Ó gbọ́ ọ tán, kò wò mí. Ó pẹ́ tó fi di òǹtẹ̀ mú tí kò lù ú. Lẹ́yìn náà ó lù ú. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni ọmọ Fákẹ́mi lónìí?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ lọ wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwa kò tíì tán, Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ lọ wẹ̀ ẹ́ ná." Ó tú agolo náà, ó bu irú díẹ̀ sínú ewé, ó ní kí n mú un dání fún ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ.

Mo wẹ ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi òrí pa á, mo jù ú sókè, mo hán an. Ara rẹ̀ rọ̀. Fákẹ́mi se ọbẹ̀, ó fi irú yẹn sí i. Mo tọ́ ọ wò. N kò tọ́ irú Fàsílátù wò rí kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ó dára ju tèmi lọ. Mo máa sọ fún un nígbà tí mo bá padà délé, níwájú gbogbo àwọn ará gbọ̀ngàn, bí wọ́n bá ti jókòó tán.